Bí ọ̀dọ́ Ajégúnlẹ̀ ṣe lè múra lọ sí Lagos Comic Con

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Láti ọdún 2012 tí ayẹyẹ Lagos Comic Con ti bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń múra bí akọni inú ìwé àwòrán àti fíìmù lọ síbẹ̀.

Kò pọn dandan kí ọmọ Ajégúnlẹ̀ tàbí Àpápá ná owó iléèwé sí i. Òkìríkà tí télọ̀ bá tún gé, tó bá ẹni tó wọ̀ ọ́ mu, yóò buyì ju aṣọ olówó ńlá tó ń fẹ̀ lọ́rùn lọ. Àjákù fóòmù ìbùsùn àti páálí ni kí ẹ fi ṣe ìhámọ́ra, nítorí irin wúwo, ó sì lè ṣe èèyàn léṣe. Òógùn a máa ba àtíkè jẹ́, ẹ mú aṣọ ìnujú àti omi dání.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí: òfin kò gba aráàlú láyè láti wọ aṣọ ológun, bẹ́ẹ̀ Àpápá ni ibùdó ọmọ ogun ojú omi, NNS Beecroft, wà. Akọni yòówù kí ẹ fẹ́ jọ, ẹ má ṣe wọ aṣọ tó jọ tàwọn ṣọ́jà jáde. Ẹ fi ìbọn ìṣeré sílé. Idà fóòmù, inú àpò ni kó wà títí ẹ óò fi débẹ̀. Oge kò gbọdọ̀ sọni dèrò àhámọ́.