Kọ̀ǹpútà Tí Kò Tàn Kò Tíì Kú

Jobele ni oríléeṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Afijio wà, nítorí náà iṣẹ́ títẹ ìwé kì í wọ́n níbẹ̀: lẹ́tà, fọ́ọ̀mù, àdéhùn ilẹ̀, ìbéèrè ìdánwò àwọn ọmọ ilé-ìwé. Kọ̀ǹpútà tókùnbọ̀ orí tábìlì ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù fi ń ṣe é. Bí ọ̀kan bá wá kọ̀ tí kò tàn láàárọ̀ ọjọ́ kan, kíá ni wọ́n á ní ó ti kú, wọ́n á gbé e fún àwọn tó ń ra irin kóńdẹ́ǹmù. Ó máa ń dùn mí, torí pé lọ́pọ̀ ìgbà iná ni kò dé ibi tó yẹ kó dé nínú ẹ̀rọ náà. Ẹni tó bá tọ ipa iná láti ara ògiri wọlé yóò rí ibi tó ti já.

Ẹ fi nǹkan mìíràn dán sọ́kẹ́ẹ̀tì wò ná, kí ẹ sì fi wáyà mìíràn dán ẹ̀rọ náà wò. Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Àwọn kan ní bọ́tìnì pupa kékeré tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Iná ilé ní Amẹ́ríkà jẹ́ 120 fóólítì, tiwa jẹ́ 230. Ẹ̀rọ tó bá ti ọ̀hún dé tí bọ́tìnì rẹ̀ ṣì wà lórí 115, tí a sì kì í bọ iná tiwa, yóò dún gbàù, òórùn ìjóná á sì tẹ̀ lé e. Síbẹ̀, àpótí páwà nìkan ló sábà máa ń bá a lọ. Àpótí yẹn ṣeé pààrọ̀.

Iṣẹ́ àpótí páwà ni láti sọ iná ògiri di iná kékeré tí ẹ̀rọ lè lò: 12 fóólítì, 5 àti 3.3. Láti ìgbà tí iléeṣẹ́ Intel ti gbé ìlànà ATX jáde ní 1995, bọ́tìnì iwájú kọ̀ǹpútà kì í já iná bí súwíìṣì gílóòbù ti ń já a. Àmì ló ń fi ránṣẹ́ sí mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ so mọ́. Níwọ̀n ìgbà tí wáyà bá wà ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, iná 5 fóólítì kan ń ṣọ́nà nínú ẹ̀rọ, ó ń dúró de àmì yẹn. Ìdí nìyẹn tí gílóòbù kékeré fi máa ń tàn lórí mọ́dábọ́ọ̀dù mìíràn nígbà tí ẹ̀rọ wà ní pípa. Bí ó bá tàn, tí ẹ tẹ bọ́tìnì tí nǹkan kan kò mì, ó lè jẹ́ pé bọ́tìnì fúnra rẹ̀ ló bàjẹ́.

Àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ọ̀nà kan láti dán àpótí náà wò. Wọ́n á yọ ọ́ kúrò lára mọ́dábọ́ọ̀dù, wọ́n á fi wáyà pélébé so ihò wáyà aláwọ̀ ewé pọ̀ mọ́ ti dúdú kan. Bí fáànù bá yí, ẹ̀mí wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn nìkan kò fi hàn pé agbára rẹ̀ pé. Ẹ má ṣe tú àpótí náà o! Iná inú rẹ̀ ń ga ju 300 fóólítì lọ, kapásítọ̀ sì lè dì í mú lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà.

Irú kapásítọ̀ yìí náà ni kí ẹ wò lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, àwọn agolo kéékèèké tó dúró ṣánṣán. Orí wọn gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Èyí tó bá wú, tàbí tó ń jo omi, ti bàjẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, kapásítọ̀ burúkú wọ ọjà káàkiri ayé débi pé iléeṣẹ́ Dell ya 300 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ ní 2005 láti fi tún àwọn kọ̀ǹpútà OptiPlex rẹ̀ tó bá a lọ ṣe. Oníṣẹ́ tó mọ lẹ́ẹ̀dì í jó lè fi tuntun rọ́pò rẹ̀, bí iye máíkírófáràdì rẹ̀ bá bára mu, tí fóólítì rẹ̀ kò sì kéré sí ti àtijọ́.

Bí fáànù bá ń yí tí ojú mọ́nítọ̀ dúdú, tí ẹ̀rọ sì ń ké píì-píì, mo máa ń fura sí RAM, ìrántí ẹ̀rọ náà, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí eruku ń wọ ibi gbogbo. Ẹ yọ wáyà iná, ẹ fọwọ́ kan irin ara ẹ̀rọ, kí ẹ yọ RAM, kí ẹ fi rọ́bà ìpàwérẹ́ nu ẹsẹ̀ rẹ̀ aláwọ̀ wúrà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ padà títí tí yóò fi dún kẹ́. Bí déètì bá ń padà sẹ́yìn ṣáá, ẹ pààrọ̀ bátìrì CR2032 tó wà lórí mọ́dábọ́ọ̀dù.

Bí mọ́dábọ́ọ̀dù bá ti lọ pátápátá ńkọ́? Ẹ yọ háàdì dísíìkì kí ẹ tó gbé ìyókù jáde. Ó lè má bá wọn kú. Ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ wo inú rẹ̀: àdéhùn ilẹ̀ àwọn oníbàárà àti èsì ìdánwò àwọn ọmọ lè ṣì wà níbẹ̀, kò sì yẹ kó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń ra irin.