Ṣé o mọ̀? Kì í ṣe gbogbo egbò ló bá ìsoríkọ́ mu

Ṣé o mọ̀ pé egbò asofẹ́yẹjẹ, tí àwọn oníṣègùn wa fi ń tọ́jú wèrè láti ayébáyé, ní èròjà kan nínú tó ń jẹ́ reserpine? Ní 1952 ni wọ́n yọ èròjà yìí lára igi Íńdíà kan tó bá asofẹ́yẹjẹ tan. Ó ń mú ara rọlẹ̀, ó sì ń dín ẹ̀jẹ̀ ríru kù. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà kíyè sí i pé àwọn kan tó ń lò ó bẹ̀rẹ̀ sí í sorí kọ́. Bí ìbànújẹ́ bá ti wọ̀ ọ́ lára, má dédé mu àgbo asofẹ́yẹjẹ.

Egbò nìkan kọ́ ni ìtọ́jú. Ṣé o mọ̀ pé ní 1954, nílé ìwòsàn ọpọlọ Arò, l'Abẹ́òkúta, Dókítà Adéoyè Lámbò ní kí aláìsàn ọpọlọ máa gbé láàárín ará abúlé, pẹ̀lú ẹbí tí ń se oúnjẹ fún un? Èèyàn laṣọ mi.

Bí o bá ń sorí kọ́, rìn díẹ̀ lójoojúmọ́. Sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ fún ẹni tó ṣeé finú hàn. Má dá oògùn dókítà dúró fúnra rẹ. Bí ikú bá ń wù ọ́, má dá wà: ní kí wọ́n sìn ọ́ lọ sílé ìwòsàn lónìí.