Ìrora gìgísẹ̀

Ìrora gìgísẹ̀ ni ìrora tí ó máa ń mú ènìyàn ní abẹ́ gìgísẹ̀ tàbí ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé eegun tí ó hù sí abẹ́ gìgísẹ̀ ni ó ń fà á. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, iṣan tí a ti lò jù ni okùnfà rẹ̀, ó sì ṣeé tọ́jú láìsí iṣẹ́ abẹ.

Àwọn okùnfà

Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni plantar fasciitis. Plantar fascia jẹ́ iṣan pẹlẹbẹ tí ó le, tí ó ti abẹ́ gìgísẹ̀ lọ dé ìdí àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀, tí ó sì gbé kòtò àtẹ́lẹsẹ̀ ró. Bí ó bá ń fà ju bí ó ti yẹ lọ, yóò máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ níbi tí ó ti so mọ́ eegun. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ẹni ọdún 40 sí 60, àwọn sárésáré, àwọn tí ó sanra, àti àwọn tí iṣẹ́ wọn gba ìdúró pípẹ́. Àmì rẹ̀ tí ó hàn jù ni ìrora gógó nígbà tí ènìyàn bá kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ní òwúrọ̀; ó máa ń dínkù lẹ́yìn ìrìn díẹ̀.

Bí ìrora bá wà ní ẹ̀yìn gìgísẹ̀, ó lè jẹ́ láti ara iṣan Achilles, èyí tí ó so ẹran ẹ̀yìn ojúgun mọ́ eegun gìgísẹ̀. Nínú àwọn ọmọ ọdún 8 sí 14 tí ó ń ṣeré ìdárayá, ó sábà máa ń jẹ́ àrùn Sever, tí dókítà ará Amẹ́ríkà, James Warren Sever, ṣàpèjúwe ní ọdún 1912. Èyí máa ń lọ nígbà tí eegun bá dàgbà tán. Ìrora tí ń pọ̀ sí i bí ènìyàn ṣe ń rìn lè jẹ́ àmì pé eegun ti sán.

Eegun tí ó hù

Àwòrán X-ray lè fi eegun kékeré hàn ní abẹ́ gìgísẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní irú rẹ̀ tí kò sì dùn wọ́n rárá. Nítorí náà, rírí rẹ̀ nìkan kì í ṣe ìdí láti ṣe iṣẹ́ abẹ.

Ìtọ́jú

Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ó ní plantar fasciitis ni ara wọn máa ń yá láàárín nǹkan bí ọdún kan. Nínà iṣan ṣe pàtàkì. Kí aláìsàn tó dìde lórí ibùsùn, yóò gbé ẹsẹ̀ tí ń dùn ún lé orúnkún kejì, yóò fi ọwọ́ fa àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ sí apá ojúgun, yóò sì ka ení dé ẹ̀wá kí ó tó jọ̀wọ́ wọn. A máa ń ṣe èyí nígbà mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn tí ó sì rọ̀, yìnyín tí a fi aṣọ wé, àti dídín ìdúró pípẹ́ kù tún ń ṣèrànwọ́. Ibuprofen lè dín ìrora kù, ṣùgbọ́n kò yẹ fún ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú tàbí àrùn kíndìnrín. Abẹ́rẹ́ sitẹ́rọ́ìdì ń fúnni ní ìtura fún ìgbà díẹ̀, ó sì lè mú kí iṣan já. Iṣẹ́ abẹ ni ó gbẹ̀yìn.

Ìgbà tí ó yẹ láti rí dókítà

Ó yẹ kí ènìyàn tètè rí dókítà bí gìgísẹ̀ bá wú tí ara sì gbóná, bí ẹsẹ̀ bá ń kú, tàbí bí kò bá lè fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ lẹ́yìn ìṣubú. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ dúró rárá, nítorí àrùn náà lè mú kí ẹsẹ̀ má mọ ìrora mọ́, tí ọgbẹ́ yóò sì máa jinlẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀.