Ṣé o mọ̀? Ọta ìkẹyìn ló ń dán ayìnbọn wò

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó fi máàkì 3 ṣíwájú nínú ìdíje ìbọn Òlíḿpíìkì ti parí sí ipò kẹjọ nítorí ọta ẹyọ kan? Matthew Emmons ará Amẹ́ríkà ni, ní Athens, ọdún 2004. Ọta rẹ̀ ìkẹyìn bá pátákó dáadáa, àmọ́ pátákó ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni. Òdo! Jia Zhanbo ará Ṣáínà ló gba góòlù. Bí Emmons ṣe máa fara balẹ̀ ló gbà á lọ́kàn, kò wo nọ́ńbà orí pátákó. Ní Beijing, ọdún 2008, ó tún ń ṣíwájú. Ọta ìkẹyìn mú 4.4 péré wá, ó bọ́ sí ipò kẹrin.

Èyí ò lè ya ọdẹ Ìfọ́n tàbí Ọ̀wọ̀ lẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀kan ni ṣakabùlà ń dún kéèyàn tó tún un kì, ẹran kì í sì í dúró deni.

Ẹni bá sì rò pé oògùn lè mú àyà balẹ̀, èèwọ̀ ni nínú ìdíje ìbọn: propranolol táwọn dókítà ń kọ fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru gba àmì ẹ̀yẹ 2 lọ́wọ́ Kim Jong-su, ayìnbọn ìléwọ́ ará Àríwá Kòríà, ní Beijing yẹn kan náà.