Ṣé O Mọ̀? Fífọ̀ Lè Ba Owó Àtijọ́ Jẹ́

Ní ìgbèríko Adja-Ouèrè, ní ẹkùn Plateau ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí ààlà Nàìjíríà kò ti jìnnà, ọkọ́ àgbẹ̀ tàbí ẹ̀rọ awárin, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń dún bí irin bá wà nínú ilẹ̀, lè gbé oríṣiríṣi owó jáde. Ó lè jẹ́ owó ẹyọ, tí í ṣe karawun ẹ̀dá inú òkun tí ọkọ́ nìkan lè hú. Ó lè jẹ́ fáráǹkì Faransé tí a rọ ní 1944 láti inú àdàlù bàbà àti alumíníọ̀mù, tàbí ti 1948, tí ó jẹ́ alumíníọ̀mù nìkan. Ó sì lè jẹ́ ọ̀níní, owó oníhò tí Gẹ̀ẹ́sì rọ. Alumíníọ̀mù ni a kọ́kọ́ fi rọ ọ̀níní ní 1907, ṣùgbọ́n nítorí pé ojú ọjọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń jẹ ẹ́, a bẹ̀rẹ̀ sí fi àdàlù bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì rọ ọ́ láti 1908.

Ohun tí a fi ṣe owó ni ó ń pinnu ìtọ́jú rẹ̀: omi ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń jẹ owó ẹyọ, omi eérú máa ń jẹ alumíníọ̀mù, iyanrìn sì máa ń ha gbogbo wọn. Èépá aláwọ̀ ewé tí ó le, tí kì í ṣí, lára bàbà jẹ́ ààbò tí kò yẹ kí a họ kúrò. Ìtọ́jú tí ó dára jù ni kí a rẹ owó sínú omi tí a gbà láti ara oru omi sísè, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ yọ erùpẹ̀ rẹ̀, kí a sì sá a sí ibòòji, kí ìtàn tí ó wà lára rẹ̀ má baà parẹ́.