Àgbèrè àti Májẹ̀mú: Èdè Àwọn Wòlíì Hébérù ní Òṣogbo àti Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Nínú ìwé àwọn wòlíì Hébérù ni àwọn oníwàásù wa ti rí i tí wọ́n fi ń pe ìbọ̀rìṣà ní àgbèrè. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń yẹ̀wò ni ẹni tí àwọn wòlíì náà ń bá wí, àti bóyá ẹ̀sùn wọn kan olùsìn Ọ̀ṣun ní Òṣogbo.

Hóséà, wòlíì ọ̀rúndún kẹjọ ṣáájú ìbí Kristi, fi ìgbéyàwó òun àti Gómérì ṣe àpẹẹrẹ májẹ̀mú Ọlọ́run pẹ̀lú Ísírẹ́lì. Jeremáyà (orí 3) àti Èsékíẹ́lì (orí 16 àti 23) mú àfiwé náà gbòòrò. Ní èdè Hébérù, báálì túmọ̀ sí olúwa, ẹni tó ni nǹkan, àti ọkọ, gẹ́gẹ́ bí aya Yorùbá ṣe ń pe ọkọ rẹ̀ ní olówó orí mi. Nítorí náà ni Hóséà 2:16 ṣe ní Ísírẹ́lì kò ní pe Ọlọ́run ní Báálì mọ́: orúkọ kan náà ni ọkọ àti àlè ń jẹ́.

Yorùbá náà mọ àfiwé yìí. Ìyàwó òrìṣà ni à ń pe ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe òrìṣà fún, ìbáà ṣe ọkùnrin. Síbẹ̀, Ọ̀ṣun, Ṣàngó àti Ògún lè jọ gba ẹbọ nínú agbo ilé kan láìsí ìjà. Òwe tó sọ pé, “Òrìṣà, bí o kò lè gbè mí, ṣe mí bí o ṣe bá mi,” fi hàn pé ìgbè ni olùsìn ń retí; kò sí ẹ̀jẹ́ pé òrìṣà kan ṣoṣo ni yóò máa sìn.

Ní oṣù Keje ọdún 1930, nígbà ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Òkè-Ooye, Iléṣà, ọ̀pọ̀ ènìyàn kó ère àti oògùn wọn jáde fún sísun. Májẹ̀mú tuntun ni wọ́n wọ̀. Bí ọ̀kan nínú irú wọn bá tún yọ́ lọ síbi òrìṣà lóru, ẹ̀sùn Hóséà bá a wí gan-an.

Ti ẹni tí kò wọ májẹ̀mú náà yàtọ̀. Nígbà tí Ámósì (orí 1 àti 2) ń dá Damásíkù, Gásà àti Édómù lẹ́bi, ìwà ìkà ló kà sí wọn lọ́rùn. Kò pè wọ́n ní alágbèrè. Lóòótọ́, Aísáyà 23 àti Náhúmù 3 pe Tírè àti Nínéfè ní aṣẹ́wó, ṣùgbọ́n òwò àti ẹ̀tàn ìjọba ni wọ́n ń bá wí níbẹ̀.

Ẹni tí a kò fẹ́, a kì í pè é lẹ́jọ́ panṣágà. Nítorí náà, oníwàásù tó dojú ẹ̀sùn yìí kọ àwọn olùsìn Igbó Ọ̀ṣun, èyí tí UNESCO fi sínú àkójọ ogún àgbáyé ní 2005, ti sọ ẹjọ́ ilé ọkọ di èébú fún aládùúgbò. Ẹni inú ilé gan-an ni àwọn wòlíì ń bá wí, Hóséà 14 sì parí pẹ̀lú ìpè pé kí ó padà wálé.