Ta Ni Yóò Jọba Lẹ́yìn Ọba? Ẹ̀kọ́ fún Ìjọ Láti Inú Ìtàn Ottoman, Safavid àti Mughal

Nígbà tí àwa oníwàásù bá ń sọ̀rọ̀ lórí ìṣubú àwọn ìjọba ńlá ayé, ó wọ́pọ̀ kí a sọ pé àwọn ìjọba Mùsùlùmí wó nítorí pé Ọlọ́run kò sí nínú ẹ̀sìn wọn. Àlàyé yìí rọrùn, ṣùgbọ́n kò dé ìdí ọ̀rọ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni a ó sọ nípa Constantinople, ìlú Kristẹni tí ó bọ́ sọ́wọ́ Ottoman ní 1453? Kí sì ni a ó sọ nípa Ottoman fúnra rẹ̀, tí ó wà fún ohun tí ó lé ní 600 ọdún? Nínú ọ̀pọ̀ ohun tí ó fa àwọn ìjọba wọ̀nyí sẹ́yìn, ọ̀kan ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò: ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ní arọ́pò.

Bí wọ́n ṣe dìde

Ottoman bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Tọ́kì ní nǹkan bí 1300. Safavid bẹ̀rẹ̀ ní Páṣíà, èyí tí í ṣe Ìránì lónìí, nígbà tí Ismail Kìn-ín-ní jọba ní ìlú Tabriz ní 1501. Mughal bẹ̀rẹ̀ ní Íńdíà nígbà tí Babur ṣẹ́gun ní Panipat ní 1526. Ìbọn àti ẹ̀tù ran Ottoman àti Mughal lọ́wọ́. Safavid kọ́ ẹ̀kọ́ yìí nígbà tí Ottoman fi ìbọn ṣẹ́gun wọn ní Chaldiran ní 1514. Ọgbọ́n ìṣàkóso náà ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní 1564, Akbar ọba Mughal fagi lé owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí.

Ibi tí wàhálà wà

Kò sí òfin tó dúró ṣinṣin pé àkọ́bí ni yóò jọba. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọba Ottoman a máa rán àwọn ọmọ rẹ̀ lọ ṣàkóso agbègbè, pẹ̀lú olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí bàbá bá kú, ìjà dé nìyẹn. Òfin Mehmed Kejì gba ẹni tí ó bá jọba láàyè láti pa àwọn arákùnrin rẹ̀, kí ìlú lè tòrò. Ní 1595, Mehmed Kẹta pa arákùnrin 19.

Nígbà tí ó yá, wọ́n wá ọ̀nà mìíràn: dípò pípa, wọ́n ń há àwọn ọmọ ọba mọ́ inú ààfin. Ẹ̀jẹ̀ dínkù, ṣùgbọ́n ìmọ̀ dínkù pẹ̀lú. Suleiman Kejì ti wà ní àhámọ́ fún nǹkan bí 40 ọdún kí wọ́n tó fi í jọba ní 1687.

Ní Páṣíà, Abbas Kìn-ín-ní, ọba tí ó lókìkí jù lọ níbẹ̀, bẹ̀rù àwọn ọmọ bíbí inú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n pa ọ̀kan ní 1615, ó sì fọ́ ojú méjì mìíràn. Nígbà tí ó kú ní 1629, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí kò kúrò nínú ààfin rí ló gorí oyè. Ní 1722, ebi àti ogun àwọn ará Afghanistan mú kí olú ìlú wọn, Isfahan, juwọ́ sílẹ̀.

Ní ti Mughal, wọn kò há ọmọ mọ́lé. Ìjà ni wọ́n ń jà. Shah Jahan tí ó kọ́ Taj Mahal ṣàìsàn ní 1657, àwọn ọmọ rẹ̀ sì gbé idà sí ara wọn. Aurangzeb borí. Ó pa Dara Shikoh ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì há bàbá mọ́lé títí ó fi kú ní 1666. Òun náà kú ní 1707, àwọn ọmọ rẹ̀ sì tún jà. Ní 1739, Nadir Shah wá láti Páṣíà, ó kó Delhi lẹ́rù lọ.

A kò sọ pé èyí nìkan ló fa ìṣubú wọn. Ogun gígùn ní gúúsù Íńdíà àti agbára àwọn ará Yúróòpù wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ottoman sì pẹ́ títí di 1922, nítorí pé àwọn ìjòyè tó mọ iṣẹ́, bí ìdílé Köprülü, gbé e ró nígbà tí ọba kò lágbára.

Ẹ̀kọ́ fún wa

Kí a má ṣe fi ìtàn yìí gan ẹnikẹ́ni. Mùsùlùmí wà nínú ìdílé ọ̀pọ̀ nínú wa, Bíbélì tiwa náà kò sì fi irú rẹ̀ pa mọ́: Ábímélékì pa àwọn arákùnrin rẹ̀ (Àwọn Onídàájọ́ 9), Jèhórámù ọmọ ilé Dáfídì ṣe bẹ́ẹ̀ (2 Kíróníkà 21). Àìsàn ọkàn ènìyàn ni.

Àìsàn méjì ni a rí: kí arọ́pò máa jà, tàbí kí a há a mọ́lé. Ìjọ wa mọ méjèèjì. Ìjọ kan a pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ kí a tó sin olùdásílẹ̀ rẹ̀ tán. Nínú òmíràn, igbákejì lo ogún ọdún láìmọ bí a ṣe ń ná owó ìjọ, láìdá ìpinnu kan ṣe rí. Inú àhámọ́ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà, bí ó tilẹ̀ wọ kóòtù.

Mósè fi ọ̀nà mìíràn hàn. Jóṣúà ti lọ sójú ogun (Ẹ́kísódù 17) kí ó tó di olórí. Nínú Númérì 27, Mósè fúnra rẹ̀ ló bẹ Ọlọ́run fún arọ́pò, ó gbé ọwọ́ lé e lójú gbogbo ènìyàn, ó sì fi nínú ọlá rẹ̀ fún un nígbà tí òun ṣì wà láàyè. Pọ́ọ̀lù náà ní kí Tímótíù fi ohun tí ó gbọ́ lé àwọn olóòótọ́ lọ́wọ́, kí àwọn náà lè kọ́ ẹlòmíràn (2 Tímótíù 2:2).

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àwa tí a ń ṣe olùṣọ́-àgùntàn bi ara wa léèrè: bí Olúwa bá pè wá sílé lọ́la, ta ni a ti kọ́, ta ni a sì ti gbà láàyè láti ṣiṣẹ́?